Wọ́n Ní Ìyàwó Mi Tú Aṣọ ní Ọjà

Mo kí ìrun àsùbáà tán ní Àtìkòrí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo gbé àpò mi kọ́ èjìká, àpò náà sì dún. Aládùúgbò mi tó ń gbálẹ̀ lójúde gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, àfáà. Kí lẹ gbé tó ń dún báyẹn?" Mo ní irinṣẹ́ ni. Èyí kì í ṣe irọ́. Ṣẹkẹṣẹkẹ ni, irin tí wọ́n fi ń so ẹsẹ̀ wèrè. Ìyá mi ti fi àkísà wé e kí ó má baà pariwo, ṣùgbọ́n kò wé e dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi gbé e, kí ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ti gbọ́ ìtàn yìí lónírúurú ọ̀nà lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín. Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ ọmọ ní kéú. Ogún ọdún ni mo ti ń sọ fún wọn pé àmì kékeré kan lórí ọ̀rọ̀ lè yí ọ̀rọ̀ náà padà pátápátá, mo sì ti na ọ̀pọ̀ ọmọ lórí rẹ̀. Ìyàwó mi, Ìyá Rábì, a máa hun aṣọ. Bó bá ti hun tó ẹrù kan, a gbé e lọ sí ọjà kan ní etí omi, níbi tí àwọn ará odò ti ń ra aṣọ Ìjẹ̀bú bí ẹni pé òtútù ń mú wọn. N kò ní dárúkọ ọjà náà, nítorí a ṣì ń ra ẹja níbẹ̀.

Ó ti lọ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí oníyọ̀ kan ti ọ̀nà ibẹ̀ dé. Ó bá mi ní ẹnu ilé kéú.

Ó ní, "Àfáà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n ti mú Ìyá Rábì."

Mo ní, "Kí ló ṣe?"

"Ó tú aṣọ láàárín ọjà. Òfin òyìnbó sì ti jáde níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú aṣọ ní gbangba mọ́."

Mo jókòó. "Ó tú aṣọ? Lójú ènìyàn?"

"Lójú gbogbo ọjà. Ó tú u dé ìsàlẹ̀ pátápátá."

"Ṣé ẹkún ló ń sun ni?"

"Ẹkún kẹ̀? Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ń pe àwọn ènìyàn pé kí wọ́n súnmọ́ ọn, kí wọ́n wá wò ó, kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin kan tilẹ̀ ti fọwọ́ pa á títí kí akọ́dà tó dé."

Akọ́dà ni ẹni tí kọ́ọ̀tù ń rán láti lọ mú ènìyàn. Mo bi oníyọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i. Mo bi í ní iye ọjọ́ tí ọ̀nà ń gbà, mo bi í bóyá ẹrẹ̀ pọ̀ ní èbúté, mo bi í bóyá wọ́n ti gbọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè tí wọ́n ti bí ìyàwó mi. Ó dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Olóòótọ́ ènìyàn ni, n kò sì rí irọ́ kan nínú gbogbo ohun tó sọ títí di òní.

Bó ti lọ tán ni ìyá mi yọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò sí èyí tí kò gbọ́. Ẹ mọ ohun tí a máa ń wí níbí pé wèrè tó bá ti wọ ọjà kò gbóògùn mọ́. Ọjọ́ tí obìnrin bá bọ́ sí ìhòòhò láàárín ọjà, kò sí ẹni tí í bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí wọn óò fi so ó ni wọ́n ń wá. Ìyá mi lọ wá tirẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n mi, lórí àjà.

Ó ní, "Lọ mú un wá kí ìtìjú yìí má baà pọ̀ jù báyìí lọ. Mú aṣọ dání tí o óò fi bò ó. Kí o sì yà ní Àgọ́, kí o bi bàbá rẹ̀ bóyá wèrè wà ní ìdílé wọn. Ó yẹ kí a ti bi wọ́n kí a tó ṣe ìdána."

Mo fẹ́ràn ìyàwó mi. Mo sọ ọ́ síbí nítorí pé ohun tó kù nínú ìwé yìí lè mú kí ẹ rò pé irọ́ ni.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Òrù, ọ̀nà náà gba ènìyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sanra. Ìrì ṣì wà lára koríko, ó sì rẹ ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi dé orúnkún. Ní ẹnu ìlú Òrù ni mo ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ òfin tuntun náà. Àwọn àgbẹ̀ bíi mẹ́fà tó ń ti oko bọ̀ dúró lábẹ́ igi kan, bàǹtẹ́ nìkan ló wà nídìí wọn, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti í wọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ló kọ́ sórí ẹ̀ka. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń dúró dè.

Àgbà inú wọn ní, "A gbọ́ pé òyìnbó ti ṣòfin aṣọ ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. A kò mọ̀ bí ó ti wí gan-an, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a ti dá owó ra ẹ̀wù kan. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ìlú á wọ̀ ọ́, bó bá délé á dá a padà."

"Ta ló ń dá a padà wá?"

"Ohun tí a ń dúró dè nìyẹn."

Mo ra ẹ̀kọ mẹ́rin níbẹ̀ ní ogójì owó ẹyọ. Ní Àtìkòrí, márùn-ún ni ogójì ń rà, ṣùgbọ́n ti Òrù tóbi díẹ̀, wọn kì í sì í fi omi púpọ̀ sí i. Mo rò ó bí mo ti ń jẹun pé òfin yìí dára. Àwa onímọ̀-kéú ti ní tiwa tipẹ́, pé kí ọkùnrin bo ara láti ìdodo dé orúnkún. Nínú ọkàn mi mo kí òyìnbó kú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo rántí ẹni tí òfin náà mú, mo sì wé ẹ̀kọ kẹrin padà sínú ewé rẹ̀.

Ní Òrù, ẹni tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lè máa lọ tààrà láìdé Àgọ́-Ìwòyè. Mo dúró ní oríta náà pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo yà sí Àgọ́, nítorí ìyá mi yóò bi mí.

Àna mi, tí a ń pè ní Bàbá Àgọ́, ń gbẹ́ odó lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, àpò mi sì dún. Ó bi mí pé, "Kí rè é?" Mo ní irinṣẹ́ ni. Mo jókòó, mo ro gbogbo ọ̀rọ̀ fún un bí oníyọ̀ ti rò ó fún mi. Kò dá mi dúró, kò sì fi àáké sílẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo fi ọ̀wọ̀ bi í bóyá wèrè wà ní ìdílé wọn.

Ó ronú sí i gidi gan-an. Ó ní, "Ó wà. Ẹnì kan ṣoṣo ni."

"Ta ni, Bàbá?"

"Èmi ni. Èmi ni mo gbà pé kí o fẹ́ ẹ."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bu omi fún mi, ó ní bí mo bá ń bọ̀ kí n mú ọmọ òun yà lọ́dọ̀ òun, ó sì padà sídìí odó rẹ̀.

Mo wọ Ìjẹ̀bú-Òde ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìgbà èwe mi, kò sí ẹni tó ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀nà etí omi láìjẹ́ pé oníbodè yọjú sí i, kí ó bi í ní ibi tó ń lọ àti ohun tó rù. Láti ìgbà tí òyìnbó ti wọlé, kò sí ẹni tó ń bi ènìyàn ní nǹkan kan mọ́. Ní ọjọ́ náà mo dúpẹ́ fún èyí, nítorí àpò mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ awọ ló gbà mí sílé. Ó gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú mi, ẹja rẹ̀ tóbi ju ọwọ́ mi lọ, ó ní, "Ìyá Rábì ń kọ́?" Mo ní ó wà ní ọjà. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Bí ènìyàn bá ń rin irú ìrìn yìí, ó máa ń yà á lẹ́nu bí òtítọ́ ti pọ̀ tó tí a lè fi bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo dojú kọ èbúté. Ọ̀nà ibẹ̀ kò jọ tiwa. Ilẹ̀ pupa parí, ilẹ̀ dúdú tó rọ̀ bẹ̀rẹ̀, igi ògùrọ̀ sì bo ọ̀run. Níbi tí ẹrẹ̀ bá ti jìn, wọ́n to ọwọ́ ògùrọ̀ sílẹ̀ láti fi ṣe afárá. Ẹni tó bá tẹ àárín rẹ̀ á là á kọjá, ẹni tó bá tẹ etí rẹ̀ á wẹ̀. Mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní èbúté mo bá atukọ̀ kan, ará Ìlàjẹ, ó ní tọ́rọ́ kan, owó fàdákà òyìnbó, ni òun óò gbà títí dé ọjà. Mo ní owó ẹyọ ni mo mú wá. Ó ka iye tó fẹ́, ó wo ẹrù tó jẹ́, ó ní kí n gbé e jókòó sí àárín ọkọ̀ kí a má baà rì.

Bí a ti kúrò létí ilẹ̀ tán, atukọ̀ náà bọ́ gbogbo aṣọ ara rẹ̀, ó ká a, ó kì í bọ inú igbá kan, ó dé igbá náà, ó gbé àjẹ̀ rẹ̀. Kò sí òwú kan lára rẹ̀. Mo wo ọ̀run. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ọkùnrin bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀ lódò, a wúkọ́ kí ó tó dé ibẹ̀, ẹni tó wà nínú omi á sì dáhùn. Kò sí ìwé tí a kọ òfin yìí sí, n kò sì rí ẹni tó rú u rí. Nítorí náà mo wúkọ́.

Atukọ̀ ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Omi ló tutù."

Mo fi ọgbọ́n bi í bóyá kò bẹ̀rù òfin tuntun. Ó ní, "Òfin náà kò kàn wá. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tú aṣọ ní gbangba. Àwa kì í so ó mọ́ra lórí omi, kí la óò tú?"

Mo rò ó títí, n kò rí ibi tí mo ti lè mú un. Mo wá bi í, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn, pé ṣé ó gbọ́ nípa obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí wọ́n mú.

"Èyí tó tú aṣọ? Mo wà níbẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, àfáà, ohun tó tú yẹn dára. Mo ti ń ná ọjà yìí tipẹ́, n kò rí irú rẹ̀ rí. Bí mo bá lówó ni, n bá gbé e lọ sílé."

Mo kẹ̀yìn sí i títí a fi gúnlẹ̀.

Ọjà náà gbòòrò, ó mọ́, òórùn ẹja gbígbẹ sì ń pàdé ènìyàn kí ó tó rí ẹja. Bí mo ti ń wá ilé kọ́ọ̀tù kiri, mo kíyè sí àṣà àjèjì kan tí n óò ròyìn rẹ̀ fún yín. Àwọn aláṣọ ibẹ̀ kì í tú ẹrù wọn. Wọ́n jókòó ti ẹrù tí wọ́n dì gbọingbọin, wọ́n fa etí aṣọ kan ṣoṣo jáde bí ahọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò wo etí yìí, yóò fi ìka tẹ ẹrù náà yíká bí ẹni tó ń wò bóyá ìbẹ́pẹ ti pọ́n, yóò mí kanlẹ̀, yóò sì lọ. Mo rí ìyá arúgbó kan tó ń ki aṣọ rẹ̀ fún oníbàárà láti ìta, ó ń ní, "Tí o bá rí ti inú ni!" Mo rò ó pé ìlú ń bẹ tí wọn kò mọ ọjà tà. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí wọn. Èmi yìí kan náà ni mo ti fi ogún ọdún kọ́ni ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀.

Mo bá ìyàwó mi lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́yìn kọ́ọ̀tù. Ó jókòó lórí ẹní, ó ń ran òwú. Ìró méjì ló ró lé ara wọn, ó da ìborùn, gèlè rẹ̀ sì gún régé. Mo gbà á sí pé wọ́n ti wọṣọ fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, mo na aṣọ tí mo mú wá síwájú.

Mo ní, "Ìyá Rábì. Èmi rèé o. Ṣé o mọ̀ mí?"

Ó gbé ojú sókè. "Bàbá Rábì! Ẹ káàbọ̀. Kí ló dé tí ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe adìyẹ?"

"Ṣé ara rẹ ti balẹ̀?"

"Ara mi ò ṣí lọ síbì kankan. Ẹrù mi ni wọ́n gbà. Kí lẹ fẹ́ kí n fi aṣọ yẹn ṣe?"

"Kí o fi bora ni."

Ó wo ara rẹ̀, ó wò mí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ó ti rí, láìmọ̀ pé ojú ara mi ló ń là. Ó ní akéde ọjà ló lu agogo ní ọjà mẹ́ta sẹ́yìn pé òyìnbó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú aṣọ ní gbangba. Àwọn aláṣọ bẹ̀ ẹ́ pé báwo làwọn óò ṣe wá tajà. Akéde ní bí wọ́n ti rán òun ni òun jẹ́ ẹ. Gbogbo wọn bá di ẹrù wọn. Òun náà dì í fún ọjà kan, kò ta nǹkan kan. Ní ọjà kejì, oníbàárà kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá ní òun kò lè ra ohun tí òun kò rí. "Ni mo bá tú u fún un. Mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo ní kí ẹni tó bá lójú wá wò ó. Aṣọ tí mo fi oṣù mẹ́rin hun! Akọ́dà bá dì mí mú."

Mo fẹ́ jókòó. Mo gbàgbé pé àpò ṣì wà léjìká mi, mo jẹ́ kí ó balẹ̀, ó sì dún ju bí ó ti dún láti Àtìkòrí lọ.

Ó ní, "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Irinṣẹ́ ni."

"Irinṣẹ́ kéú?"

Ó fà á mọ́ra, ó ṣí àkísà, ó sì rí i. Ó mọ̀ ọ́n, nítorí ó ti máa ń rí i nílé ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbé e lé orí itan, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Léèsì sọ fún yín?"

"Oníyọ̀ kan ni."

"Kí ló ní mo ṣe?"

"Ó ní o tú aṣọ."

"Ẹ sì gbà á gbọ́."

Kò béèrè rẹ̀ bí ìbéèrè. Ó fi àkísà wé irin náà padà, ó wé e dáadáa ju bí ìyá mi ti wé e lọ, ó sì mú òwú rẹ̀. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ ibi tí n óò gbé ọwọ́ mi sí.

Wọ́n pe ẹjọ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kọ́ọ̀tù ni ilé tí wọ́n ti ń jókòó dá ẹjọ́. Èyí ní òrùlé, kò ní ògiri, tí ó fi jẹ́ pé gbangba ni gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Òyìnbó kan jókòó sẹ́yìn tábìlì, ògbifọ̀ dúró tì í. Ògbifọ̀ ni ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti èdè kan sọdá sí òmíràn. Ohun tó bá jábọ́ sómi lọ́nà, òun nìkan ló mọ̀. Ọmọ Èkó ni, ó wọ bàtà. Bàbá àgbà kan ló ṣáájú wa. Ó wọlé, ó sọ aṣọ rẹ̀ kúrò léjìká dé ìbàdí láti fi kí òyìnbó, gẹ́gẹ́ bí a ti í ṣe níwájú Ọba. Akọ́dà sáré wá gbé aṣọ náà padà sí i léjìká. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe èyí kí wọ́n tó bi í ní orúkọ.

Nígbà tó kan ìyàwó mi, wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Apẹja méjì ni, ibi àwọ̀n ni wọ́n ti wá tààrà, láìsí òwú kan lára wọn. Ọ̀kan gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja síwájú ara rẹ̀. Èkejì kò rí ìdí tó fi yẹ kí òun ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n búra, wọ́n ní lójú àwọn méjèèjì ni obìnrin yìí ti tú aṣọ, àti pé ohun tó ṣe kò dára nítorí òfin ti jáde. Òyìnbó wo àwọn ẹlẹ́rìí náà. Ó wo ìyàwó mi láti gèlè dé ẹsẹ̀. Ó tún wo àwọn ẹlẹ́rìí.

Mo dìde láti sọ̀rọ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ọkàn mi, nípa ìtumọ̀ àti àmì. Ìyàwó mi fi ọwọ́ dá mi padà sórí bẹ́ńṣì, ó sì sọ fún ògbifọ̀ pé, "Ẹ jẹ́ kí n ṣe é lójú wọn, kí wọ́n rí ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà."

Ògbifọ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí sọdá. Òyìnbó náà pọ́n wẹ̀ẹ̀ dé etí, ó na ọwọ́ sókè pé rárá, rárá. Ìyàwó mi rò pé ó ń kí òun ni, ó kúnlẹ̀, ó fa ẹrù rẹ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀ síbẹ̀ mọ́ra. Òyìnbó fi fìlà bo ojú. Ìyàwó mi tú okùn ẹrù, ó ju aṣọ àkọ́kọ́ síta, ó tẹ́ ẹ, ó ju èkejì, títí ilẹ̀ kọ́ọ̀tù fi kún fún aṣọ aláró àti funfun, ó wá ní, "Ohun tí mo ṣe nìyí."

Òyìnbó sọ fìlà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ògbifọ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ fún mi lẹ́yìn náà. Òyìnbó ní kí ni èyí. Ògbifọ̀ ní aṣọ ni. Òyìnbó ní níbo ni ìhòòhò wà. Akọ́dà, tó ti rí i pé ọ̀rọ̀ ń fẹ́ ẹ̀rí, fi ọ̀pá tọ́ka sí inú ẹrù tó ṣófo, ó ní, "Ó tún tú u, sà."

Wọ́n dá a sílẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ní ìrọ̀lẹ́ akéde tún lu agogo, ó ní òyìnbó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà ní ìhòòhò ní gbangba. Gbogbo àwọn aláṣọ tú ẹrù wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹlẹ́rìí méjì ọjọ́ náà dúró nínú omi tó dé ẹ̀gbẹ́ wọn, wọn kò sì jáde títí a fi kúrò.

Mo rò pé ọ̀nà bíbọ̀ yóò rọrùn. Ìyàwó mi bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, ó bá mi sọ̀rọ̀ lórí afárá ògùrọ̀, ó ní kí n tẹ àárín. Ó sọ nípa iye tí òwú ń jẹ́ àti ẹni tí yóò bá òun pa á láró. Ó se oúnjẹ fún mi nílé ọ̀rẹ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó gbé e fún mi pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Kò sí ohun tí ìyàwó ń ṣe fún ọkọ tí kò ṣe. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ní Àgọ́-Ìwòyè a yà. Bàbá rẹ̀ dìde, ó fi àáké sílẹ̀, ó gba ẹrù lórí rẹ̀, ó sì gbé e wọlé láìbi wá ní nǹkan kan. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú mi. Ó sọ gbólóhùn kan fún mi, ohùn rẹ̀ sì tutù. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kí ìyá mi, kí n sọ fún Rábì pé òun ra ẹ̀gbà fún un. Ó wọlé. Mo dúró níta títí bàbá rẹ̀ fi jáde wá sọ fún mi pé òjò ń ṣú.

Mo dé Àtìkòrí bí wọ́n ti ń pe ìrun alẹ́. Gbogbo agbo ilé ti péjọ. Wọ́n ti so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ kí ohun tí mo bá mú bọ̀ má baà dẹ́rù bà wọ́n. Àwọn tó ń rìnrìn àjò a máa sọ ohun tí ọ̀nà kọ́ wọn. Èmi kọ́ pé "tú" ní ìtumọ̀ tó ju ọ̀kan lọ. Mo sì ti mọ èyí kí n tó kúrò nílé. Mo kọ́ pé mo bi oníyọ̀ ní gbogbo ohun tó kan ọ̀nà, n kò sì bi ara mi léèrè bóyá ìyàwó mi tí mo mọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń sùn tí mo ń jí pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyá mi wo ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Ìyàwó dà?"

"Ó wà ní Àgọ́."

"Ibẹ̀ ni wọ́n óò ti máa wò ó ni?"

"Kò sí ohun tó ń ṣe é. Ẹrù aṣọ ló tú, kí wọ́n lè rà á."

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó sì lọ tú ewúrẹ́ sílẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí odó.

Ó ní, "Bí kò bá sí ohun tó ń ṣe é, kí ló dé tí kò bá ọ wálé? Ta ló ń bínú sí? Ṣé akọ́dà yẹn ni?"

Mo ní, "Rárá. Ó ní akọ́dà kò ṣẹ òun. Ó ní akọ́dà kò mọ òun rí."